Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Mo Fún Lómi Jù

Òórùn ewé tó jẹrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí màmá mi ń bọ̀ láti ìlú Oyem. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì bo òórùn búrẹ́dì tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà mọ́lẹ̀. Mo sáré yọjú wo ìkòkò òdòdó tí màmá mi so kọ́ iwájú ilé wa ní àdúgbò Akébé, ní Gabon: òun ló ń jẹrà. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà.

Bí ẹ bá lè pè é ní òdòdó ṣá, nítorí n kò rí i kó tanná rí. Ewé rẹ̀ ki, ó rí róbótó bí ẹ̀wà tútù, ó sì ń fà sísàlẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni màmá mi fi wá ọmọ. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni aládùúgbò wa kan, ọmọ Gabon, gé ẹ̀ka rẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n rí nǹkan tọ́. Wọ́n tọ́ ọ, wọ́n pè é ní Àkọ́bí, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bí mi. "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn o," ni wọ́n máa ń sọ fún mi, wọn a sì rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín ní tèmi. Mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Nígbà tí màmá mi ń lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ní Oyem fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, bá mi tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé wa, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọmọ á kúnlẹ̀ kí àgbà, á sì gbé omi fún un kó tó ṣe ohunkóhun. "Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun," màmá mi kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Nítorí náà, mo ń kúnlẹ̀ níwájú ìkòkò láràárọ̀, mo ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," mo sì ń da ife omi kan sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ń bínú pé omi kò tó. Mo fi ti alẹ́ kún un.

Màmá mi dé lọ́sàn-án. Wọ́n gbé báàgì kalẹ̀, wọ́n ti ìka bọ inú ìkòkò, omi dúdú sì ń kán láti ìdí rẹ̀.

"Ta ló ń fún un lómi?"

"Èmi ni, Maman. Pardon."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?"

"Láàárọ̀ àti lálẹ́."

Bàbá mi, tó ń tún fíríìjì ṣe ní àdúgbò Rio nínú ìlú wa, tí kì í bẹ̀rù iná mànàmáná, wúkọ́. "Èmi náà bu díẹ̀ fún un lọ́sàn-án," ni wọ́n wí. "Omi tútù ni. Mo rò pé ooru ló ń mú un."

Màmá mi jókòó sórí báàgì wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Èmi bú sẹ́kún ní tèmi, nítorí mo ti pa àkọ́bí ìyá mi. "Àṣejù, baba àṣetẹ́," ni wọ́n wí níkẹyìn, wọ́n sì fọwọ́ tọ ẹ̀ka tó gùn jù lọ dé ìsàlẹ̀. Ẹnu ẹ̀ka náà ṣì le, kò tíì jẹrà. Wọ́n gé e, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì láìsí iyẹ̀pẹ̀, láìsí omi. Wọ́n ní ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣàánú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gùn. Mo ń gbé ife lọ síbẹ̀, mo tún ń gbé e padà. Bàbá mi náà ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà, à ń ṣọ́ ara wa bí olè méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbin ẹ̀ka náà, ó ta gbòǹgbò. Màmá mi ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ojú mi ni àwọn ṣe gbìn ín, èmi ni ẹ̀gbọ́n báyìí. Mo fi oṣù kan gbáko retí kó kí mi.

Lọ́dún tó kọjá, ara màmá mi kò yá díẹ̀, mo sì mú wọn wá sílé mi ní àdúgbò Okala. Mo gbé tíì fún wọn, mo gbé ọbẹ̀ fún wọn, mo fi ìrọ̀rí kún ìrọ̀rí, mo sì ń bi wọ́n ní wákàtí wákàtí bóyá wọ́n fẹ́ nǹkan. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n dá tásì dúró fúnra wọn, wọ́n padà sí Akébé. Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì: "Mo sùn dáadáa. Ara mi ti ń le. Jẹ́ kó tó ọjọ́ mẹ́ta kí o tó wá wò mí." Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo fara da ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà kò tíì lù tí mo ti wà nínú tásì, tí mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé itan.