Náírà Mẹ́ta Tí Ará Ìwó Kọ

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Lydia, ìyàwó mi, ti ń ṣe akọ̀wé owó nílé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ Alhaji Mùkáílà nílùú Ìwó. Kò ga, kì í pariwo, àmọ́ ẹni tó bá fojú di í á jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Lọ́dún tó kọjá, Alhaji, tí èmi àti ẹ̀ jọ ṣe kékeré, fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ kejì sí Kuta. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó o, ló bá ní òun á gé ilé iṣẹ́ náà sí ìpín wẹ́wẹ́, òun á sì gbé e lọ sí ọjà ìpín l'Ékòó, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè rà níbẹ̀. Àwọn ará báǹkì tó máa dá iye tí wọ́n máa ta ìpín kan wá láti Èkó. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún àwa ará ìlú, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èló lẹ máa ra ìpín kan?"

Ìbéèrè ọjà nìyẹn. Ta ló máa bi ará Ìwó bẹ́ẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀? Gbogbo wa kọ náírà mẹ́ta.

Ọ̀gbẹ́ni Fáwọlé, ọ̀gá àwọn ará báǹkì, kó fọ́ọ̀mù jọ, ó mirí.

"Alhaji, ẹ má bínú. Ará ìlú yín pàápàá ò ka ilé iṣẹ́ yín sí. Náírà mẹ́ta la máa tà á."

Náírà mẹ́ta ò lè kọ́ ju ìpìlẹ̀ lọ ní Kuta.

Lydia kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn ò fojú tẹ́ńbẹ́lú Alhaji. Wọ́n ń ná an ni." Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Ọkọ mi ló kọ eléyìí. Bó ṣe máa ń ra iṣu náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká yí ìbéèrè yẹn padà."

Ojú tì mí nígbà tí mo gbọ́, àmọ́ òótọ́ ni.

Ó tún un kọ: "Iye wo ló jẹ́ pé, bí wọ́n bá fi kọ́bọ̀ kan lé e, ẹ máa kúrò nídìí ọjà, bí wọ́n tiẹ̀ pè yín padà, ẹ ò ní bojú wẹ̀yìn?" Ó wá gun ọ̀kadà títí dé Ilé-Ogbó, ó ń ṣàlàyé fáwọn tó ń sin adìyẹ pé iye kan náà ni gbogbo wa máa san, kò sí ìdúnàádúrà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù padà dé, ó hàn pé bí wọ́n bá tà á ní náírà mẹ́jọ, gbogbo ìpín ló máa tán. Bó bá di mẹ́sàn-án, á ṣẹ́ kù. Mẹ́jọ ni wọ́n tà á.

Wọ́n ti ń kan òrùlé ní Kuta báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Díákónì Oyèdèjì bi mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé ta ló dá iye ìpín náà.

"Lydia ìyàwó mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kúkú sọ pé ó ran àwọn ará báǹkì lọ́wọ́ ni."

"Òun ló dá a," mo dá a lóhùn. N ò dín kọ́bọ̀ kan níbẹ̀.