Ààlè Lára Igi Irú Caroline

Bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ń pín ìgboyà láti ojúlé dé ojúlé ni, ó dájú pé ọjọ́ tí ó dé agbolé wọn ní Òwu-Ìsin, Caroline ti lọ sódò. Ìlú Bàbáńlá ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá, láti ọjọ́ tí ó sì ti wọ ilé ọkọ, "ẹ má bínú" ni ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ewúrẹ́ á jẹ gbàgúdá rẹ̀, òun ni yóò tún lọ bẹ ẹni tó ni ewúrẹ́. Àwọn ìyàwó ilé sọ ọ́ ní Ìyá Pẹ̀lẹ́. Kì í sì í ṣe pé kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì o. Ó ń lọ déédéé, ó ń kọrin sókè pé òun kò ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni láyé, bí ó bá sì kọ ọ́ tán, ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà relé kí ó má baà pàdé Awóyẹmí.

Awóyẹmí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, òun náà sì ni olórí ẹbí. Baba tó ga, tí ohùn rẹ̀ le, tí kì í fi orò àwọn baba rẹ̀ ṣeré. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àmọ́ kò sí ẹni tó jẹ́ sọ fún un rí pé ó ṣì í, ẹni tí wọn kò bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún rí, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí òun bá yà kúrò lójú ọ̀nà?

Irú ṣíṣe niṣẹ́ Caroline. Igi irú mẹ́ta ló wà lóko Ọládèjì ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń ká a. Nínú ẹbí náà, àṣà kan wà: irú tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe lọ́dún láti orí ilẹ̀ ẹbí, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni ìyàwó ilé ń gbé e lọ. Bí ó bá ti tọ́ ọ wò, ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn, ìyàwó lè máa tà á. Lọ́dọọdún ni Caroline ń gbé e lọ, lọ́dọọdún ni Awóyẹmí ń fi méjì mẹ́ta sẹ́nu, tí yóò fajú ro, tí yóò ní, "Iyọ̀ rẹ̀ kò tó." Caroline á ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," á sì lọ fi iyọ̀ sí irú tí iyọ̀ rẹ̀ ti tó tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá Ọládèjì wó, ó pe ẹbí jọ sídìí ibùsùn rẹ̀. Ó ní, "Àwọn igi irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, mo fún ìyàwó mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a dù ú." Awóyẹmí wà níbẹ̀, òun gan-an ló kọ́kọ́ dáhùn pé àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni Ọládèjì kú.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tẹ̀lé e dé, Caroline lọ wò ó bóyá èso ti gbó. Ohun tí ó rí dá a dúró lójijì. Wọ́n ti fi okùn so ṣùkù àgbàdo, àjákù ìgbálẹ̀ àti àkísà pupa pọ̀ mọ́ igi àkọ́kọ́, kó dúró fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ààlè ni. Kò sí ọmọ ilẹ̀ wa tí kò mọ ohun tí ààlè ń wí: igi yìí ní ẹni tó ni ín, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, olè ni, ohunkóhun tí ojú olè bá sì rí, kó fara mọ́ ọn. Kò sì sí ẹni tó ń so ààlè nínú oko ẹbí àfi Awóyẹmí.

Jìnnìjìnnì bo Caroline. Kì í ṣe ṣùkù àgbàdo ló dẹ́rù bà á o. Ó dá a lójú pé ṣùkù kò lè ṣe ẹni tí Jésù ti rà padà ní nǹkan kan. Awóyẹmí ló ń bà á lẹ́rù, àti ẹnu àwọn ènìyàn. Bí ó bá ká irú náà, ta ni yóò rà á? Bí kò bá sì ká a, ó ti gbà nìyẹn pé olè ni òun lórí ohun tí ọkọ òun fi sílẹ̀ fún òun, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ó lọ bá àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ọládèjì sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní òun kò rántí dáadáa. Èkejì ní etí ń dun òun lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà kún ọjà, orí ọmọ sì wọ́ lójú wọn. Ó wá lọ bá Ìyá Ìjọ. Ìyẹn gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Caroline, a ó máa gbàdúrà. Àmọ́ ṣé o mọ̀ pé Bàbá Awóyẹmí ló fẹ́ fún ìjọ nílẹ̀ tí a ó kọ́ ilé pásítọ̀ sí? Lọ bẹ̀ ẹ́, bóyá á yọ̀ǹda díẹ̀ níbẹ̀ fún ọ."

Caroline délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún tẹ́ra rẹ̀ lọ́rùn. Ó wá kúnlẹ̀. Ó ní, "Olúwa, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ni mo ti ń bẹ ènìyàn. Bí mo bá tún gba ẹ̀yìnkùlé lọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣé Ìwọ ni mò ń sìn ni, àbí Awóyẹmí?" Ó dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó sì gba iwájú ilé jáde.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Awóyẹmí ló forí lé, níbi tí baba náà jókòó sí pẹ̀lú àwọn àgbà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá."

"Ìyàwó, kí ló dé?"

"Bàbá, mo rí ààlè lára igi tí Ọládèjì fún mi lójú yín. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, mò ń lọ ká irú mi. Mi ò ní í lọ lóru, mi ò sì ní í rán ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí olè kì í dágbére."

Awóyẹmí tẹjú mọ́ ọn.

"Ìwọ Caroline? Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù yín ń bà mí gan-an, Bàbá. Àmọ́ Ọlọ́run ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, n ó lọ."

Nígbà tí Sátidé pé, kò sí ọmọ ìjọ kan tó yọjú. Jàrátù ló wá, aládùúgbò rẹ̀ tí òun náà ń ṣe irú, ó gbé agbọ̀n lọ́wọ́, ó fi ìborùn rẹ̀ wé ọrùn. "Wàláì, èmi ò ní í fọwọ́ kan igi o," ni ó kọ́kọ́ sọ. "Àmọ́ kò bójú mu kí ìwọ nìkan lọ." Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Caroline tú ààlè náà, kò gé e, kò sì jù ú nù. Ó ká okùn rẹ̀ jọ, ó fi í sínú agbọ̀n. Ó ní, "Ẹrù Bàbá ni. N ó dá a padà." Ó wá gbé ọ̀pá gígùn tí ó so dòjé mọ́ lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já èso irú lulẹ̀, ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pé òun kò ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà, orin yẹn bá ẹnu rẹ̀ mu.

Ó bó o, ó sè é, ó tẹ̀ ẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó tún un sè, ó bò ó mọ́lẹ̀ títí òórùn rẹ̀ fi gba ẹ̀yìnkùlé. Ìròyìn sì ti ṣáájú rẹ̀ dé ọjà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Òmù-Àrán pè é lórí fóònù pé àwọn kò fẹ́ ti ọdún yìí. Fulera tí ó máa ń rà á lọ sí Omupo kò tilẹ̀ gbé fóònù mọ́.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe báyìí?" ni Jàrátù bi í.

"Ohun tí mo máa ń ṣe lọ́dọọdún ni," ni Caroline dáhùn.

Ó bu irú sínú àwo, ó fi ewé bò ó, ó mú ààlè lọ́wọ́ kejì, ó sì gba àárín agbolé kọjá ní ọ̀sán gangan. Àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Awóyẹmí, ó gbé méjèèjì kalẹ̀.

"Bàbá, àkọ́ṣe irú ọdún yìí rèé. Ẹrù yín tí mo bá lára igi mi náà rèé."

Awóyẹmí wo àwo, ó wo ààlè. Bí ó bá tọ́ irú yẹn wò, ó ti jẹ́rìí pé ẹni tó ká a kì í ṣe olè. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ó ti pe ìyàwó tó ń bọ́ ọ lọ́dọọdún lólè, lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe àṣẹ sí lẹ́bàá ibùsùn àbúrò rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, ó ń wá ohun tí wọ́n ń rò. Caroline mọ ojú yẹn. Ojú tirẹ̀ ni, èyí tí ó ti gbé kiri láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà. Háà, ó sọ lọ́kàn rẹ̀, Bàbá náà ń bẹ̀rù ènìyàn! Àánú baba náà ṣe é, ẹ̀rù tó ń bà á sì lọ.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, bí ẹ jẹ ẹ́, bí ẹ ò jẹ ẹ́, ìyàwó yín ṣì ni mí. Lọ́dún tó ń bọ̀, n ó tún gbé e wá."

Baba náà ṣí ewé, ó fi ìka mú irú méjì mẹ́ta, ó jù ú sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Kíá ni àgbà tó sọ pé etí ń dun òun ní, "Ṣebí mo wí! Lójú mi ni Ọládèjì fún un."

Awóyẹmí gbé e mì. Ó mú ààlè rẹ̀, ó tì í bọ abẹ́ àga. Lẹ́yìn náà ni ó fajú ro bí ó ti máa ń ṣe.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

"Ó tó, Bàbá," ni Caroline wí.