Ọkùnrin Tó Ń Rọ Gáàsì Ẹ́síì L'Ẹ̀fọ̀n

Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ṣì ń yin ọkùnrin yẹn. Èmi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni mo ń rántí. Tí ẹ́síì tó ń mú inú ọkọ̀ wa tutù bá bàjẹ́, kì í wá ibi tí gáàsì ti ń jò. Yóò kàn rọ òmíràn sí i láàárọ̀ kùtù, nígbà tí kùrukùru ṣì bo òkè, yóò na àtẹ́lẹwọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń jáde. “Màmá Tíṣà, ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣé kò tutù ni?”

Kí ni kì í tutù l'Ẹ̀fọ̀n láàárọ̀?

Lọ́jọ́ tó rọ ọ́ kẹ́yìn, mo sọ fún un pé ilé ìwòsàn l'Adó ni mò ń gbé ọkọ mi lọ, pé àyà rẹ̀ kò gba ooru, kò sì gba eruku. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ wọ súẹ́tà fún Bàbá, kí òtútù má baà pa wọ́n.”

Ká tó dé Arámọkọ, ooru ni ẹ́síì ń fẹ́. Mo ti fèrèsé, ọkọ mi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ṣí i, eruku fún un lọ́rùn. Mo dúró lẹ́bàá títì, mo pe ọkùnrin náà.

“Màmá Tíṣà, ẹ yí padà wá sókè níbí. Á tutù tí ẹ bá dé.”

Mo pa fóònù. Ọkọ mi kò dé Adó láàyè.