Òkúta Inú Òróòro Mi àti Owó Àjọ Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Dòdò àti ẹyin díndín ni mo jẹ lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Lanham lókè òkun níbí, ebi sì ń pa mí burúkú. Kò tó wákàtí kan tí nǹkan fi gbá mi mú lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Ó gba ẹ̀yìn lọ sí èjìká, kò sì jẹ́ kí n mí kanlẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá wa ní Laurel títí ó fi lọ. Mo ní afẹ́fẹ́ ni.

Oṣù méjì ni mo fi ń pè é ní afẹ́fẹ́, tí mò ń mu omi gbígbóná sí i. Alhájà Múníràtù, nọ́ọ̀sì tí a jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà, ló fi ìka tẹ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo pariwo.

"Sikírá, èyí kì í ṣe gas o. Gallbladder ni. Jọ̀ọ́, lọ see dókítà this week."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí irú rẹ̀ bá ń ṣe. Òróòro ni àpò kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀. Omi kíkorò inú rẹ̀ ló ń bá wa da ọ̀rá oúnjẹ. Nígbà mìíràn omi náà á dì, á di òkúta. Bí ènìyàn bá jẹ ohun ọlọ́ràá, àpò náà á fún ara rẹ̀ kí omi lè jáde, òkúta á sì dí ojú ọ̀nà. Ìrora náà nìyẹn. Bí ó bá dí i pẹ́, àpò náà á wú, á sì kẹ̀. Àgbo kò lè yọ ọ́. Iṣẹ́ abẹ ni. Òkúta mẹ́rin ni àwọn dókítà rí nínú tèmi nígbà tí mo lọ, wọ́n sì dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún mi.

Káàdì ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ ni mò ń lò nígbà náà, torí èmi nìkan ni mò ń tọ́ ọmọ mi, ibi iṣẹ́ mi kò sì fún wa ní ìnṣọ́ránsì. Lọ́dọọdún, ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ fi hàn wọ́n pé òun ṣì tálákà tó. Ọdún káàdì mi pé nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo jókòó ní ọ́fíìsì wọn láti àárọ̀ di ọ̀sán lórí àga tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ di ìhà mú, kí wọ́n tó pe nọ́ńbà mi.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Èmi ni mò ń gba àjọ àwọn obìnrin mọ́sálásí wa. Mọ́kànlá ni wọ́n. Lóṣooṣù wọ́n á mú owó wá, n ó fi í sí báńkì lórúkọ mi, a ó sì pín in bí Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kó gba àjọ, wọ́n fọkàn tán an ni, orí mi sì ń wú. Obìnrin tó ń bi mí léèrè wo ìwé báńkì mi, ó gbójú sókè. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "Madam, that money is not mine o. Àjọ ni. All of us dey contribute."

Kò yájú sí mi. Ó ní ẹni tó bá lorúkọ ló lowó. Bí àwọn mìíràn bá ní in, kí oníkálukú kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wá. Bí a bá pín in lónìí pàápàá, àwọn á fẹ́ mọ ẹni tó gbà á.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo kó wọn jọ, mo ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé ìgbélùú. Ìyá Sùlìá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Aunty Sikírá, ẹ má bínú. Ṣé kí n wá fi address mi lé ìjọba lọ́wọ́ ni?" Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Alhájà Múníràtù buwọ́ lù ú, Ìyá Fàtáì náà buwọ́ lù ú. Màmá Ràlíátù, arúgbó tó ń bá wa tọ́jú ọmọ, tí òun náà kò ní ìwé kankan, ní, "Ẹ gbé e wá. Bí wọ́n bá máa lé mi, wọ́n á bá mi lórí ìjókòó." Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

Ènìyàn mẹ́ta kò tó. Wọ́n ti káàdì mi pa, ọsibítù sì pè mí pé àwọn ti fagi lé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jẹ ìrẹsì funfun àti ẹ̀wà sísè láìsí epo, tí mo sì ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí ibùsùn. Owó àjọ wà ní báńkì, mi ò fọwọ́ kàn án. Níkẹyìn, òtútù àti ibà mú mi pọ̀, funfun ojú mi pọ́n bí ìyeyè, mo sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá arúgbó tí mò ń wẹ̀ fún. Ihò kéékèèké mẹ́rin ni wọn ì bá fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Torí pé ó ti kẹ̀, wọ́n là mí gbọọrọ. Dókítà náà ní, "You waited too long." Ṣé èmi ni mo dúró? Mo fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n rọ́bà wà nímú mi.

Iléyá dé, a pín àjọ, ẹnikẹ́ni kò rí i kó dín. Mo tún padà lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Wọ́n béèrè ibi tí owó tó wà ní báńkì lọ, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ná an. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún wọn nìyẹn, òun náà ni wọ́n gbà. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Káàdì tuntun dé, ṣùgbọ́n kò ka iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe kún. Èmi ni mò ń san ìyẹn títí di òní.

Ẹni tí ìhà ọ̀tún bá ń dùn lẹ́yìn oúnjẹ, kó má pè é ní afẹ́fẹ́. Kó tètè lọ. Ẹni tó bá sì ń gba àjọ, kó má fi í sí orúkọ ara rẹ̀.

Ara mi ti yá. Mo ti ń jẹ dòdò. Àpá náà máa ń yún mi bí òtútù bá mú, n ó sì fọwọ́ pa á, n ó ní Alhamdulillahi, torí ara yìí ṣe gudugudu méje kó tó ṣubú. Àwọn mẹ́jọ tí kò buwọ́ lùwé ṣì ń bi mí ní mọ́sálásí pé, "Aunty, ara ńkọ́?" N ó ní a dúpẹ́. Mo mọ ohun tó bà wọ́n lẹ́rù. Mo máa ń sọ pé mi ò bínú sí wọn. Irọ́ kejì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé tí ìjọba kò gbà ṣì wà nínú àpótí mi, orúkọ méjì àti àtàǹpàkò kan ló wà lórí rẹ̀. Bí mo bá kírun tán, tí mo tẹ́wọ́, àtàǹpàkò yẹn ni mo kọ́kọ́ ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún.