Ìdí Tí Mo Fi Ń Pa Fáírọ́ọ̀sì Lọ́fẹ̀ẹ́ ní Fẹ́sítáàkì

Lọ́dún tí mo parí ìsìnrú ìlú, bàbá mi ṣèlérí pé òun máa ra láptọ́ọ̀pù kan fún mi. Ó rò pé lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni mo fẹ́ máa fi tẹ̀. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Orin ni mo fẹ́ fi ṣe. Èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fẹ́sítáàkì, ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tá a jọ dàgbà sì ń kọrin níbẹ̀. A ti gbà láti ṣeré lọ́jọ́ àwọn ọ̀dọ́, àwa méjì péré: òun á máa kọrin, èmi á so dùùrù mọ́ kọ̀ǹpútà, ìlù, gìtá àti fèrè á sì máa ti inú kọ̀ǹpútà náà jáde. Ẹnì kankan ò tíì ṣe irú ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa rà á o," bàbá mi kìlọ̀. "Tó o bá mú èyí tí ò dáa, ìwọ àti ẹ̀ lẹ jọ máa bá ara yín yí i."

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé n kò mọ èyí tó dáa. Tó o bá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á, wọn ò ní jẹ́ kó o ṣe ju kó o tàn án, kó o pa á. Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń tẹ lẹ́tà dáadáa lè dákú tó o bá gbé ìlù mẹ́jọ lé e lórí. O lè tẹ dùùrù, kí ohùn ẹ̀ tó jáde, akọrin ti dé ìlà kejì. Mo gbọ́dọ̀ rí èyí tí mo máa fi dánra wò.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù nígbà yẹn ló ń bẹ̀rù fáírọ́ọ̀sì tó máa ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Mo bá ń sọ kiri pé mò ń bá èèyàn pa á, lọ́fẹ̀ẹ́, pé iṣẹ́ Olúwa ni. Kì í ṣe irọ́ tán o, mo ní sídíì tó ń pa á lóòótọ́. Àmọ́ sídíì kejì wà nínú báàgì mi, òun ni ètò orin wà nínú ẹ̀. Tí fáírọ́ọ̀sì bá ti kú tán, màá ní kí onílé lọ máa ṣe nǹkan ẹ̀, torí "ó máa ń pẹ́ díẹ̀." Ọ̀rẹ́ mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà, èmi á máa kó ìlù lé kọ̀ǹpútà náà títí á fi máa mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́yìn náà, màá gba ohùn ara mi sínú ẹ̀, màá sọ ohun tí mo rí, màá dà á sínú fíláàṣì tí mo ń kó fáìlì sí, màá wá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Onílé á gbàdúrà fún wa, a ó sì máa lọ.

Àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní búlọ́ọ̀kù wa la kọ́kọ́ lọ bá. Tiẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń dán bíi fàdákà, àfìgbà tí mo nu ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo tẹ dùùrù. Nígbà tí ohùn fi máa jáde, mo ti ń ro nǹkan mìíràn. Ó sì gbóná débi pé ọ̀rẹ́ mi ní ká fi lọ aṣọ.

Èkejì ni ti ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọwọ́ bọ̀dá akọ̀wé ló wà, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tó máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa rọ́bà. Òun ni wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìlù mẹ́ta, kò ṣe é nǹkan kan. Ìkarùn-ún, ohùn ń já wálẹ̀ wálẹ̀. Mo gba ohùn mi sílẹ̀ sórí ìlù náà, mo pe fáìlì ẹ̀ ní "Orin". Bí mo ṣe ń dà á sínú fíláàṣì báyìí, a gbọ́ bàtà bọ̀dá ní kọ́rídọ̀. Mo fa sídíì yọ, a dúpẹ́, a jáde. Mo gbàgbé láti pa fáìlì náà rẹ́.

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ onílẹ̀ ní Àmúwò. Ọmọ ẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, bàbá kì í sì í fi ṣe ju eré káàdì lọ. Ó dúdú, ó ki, ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé. Mo gbé ìlù mẹ́jọ lé e, kò mira. Mo fi gìtá àti fèrè kún un. Bí mo ṣe ń tẹ dùùrù ni ohùn ń jáde. Inú mi dùn débi pé n kò mọ ìgbà tí mo gbé ohùn sókè. Ọ̀rẹ́ mi ti fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó ń jó. Ìgbà tá a máa wẹ̀yìn, bàbá ló dúró tì wá.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé fáírọ́ọ̀sì ló ń lùlù yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà," mo ní. "Ó... ó ti fẹ́ máa lọ ni sà."

Bàbá fa àga, ó jókòó. "Ẹ má tíì lé e. Ẹ jẹ́ kó lù ú díẹ̀ sí i."

Ó ń mi èjìká títí orin fi parí. Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, ó ní ká fi orin kan sílẹ̀ fún òun níbẹ̀. A fi í sílẹ̀.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àsìkò ìdúpẹ́ tó, bọ̀dá akọ̀wé ń wá fáìlì tí yóò ṣí. Ó rí "Orin". Ó ṣí i. Ìlù kọ́kọ́ dún, àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Ohùn mi wá jáde láti inú sípíkà ńláńlá méjèèjì: "Ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyí. Kò wúlò. Ó lọ́ra bíi bọ̀dá tó ni ín." Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ lé e.

Ìdí dùùrù ni mo wà, níwájú gbogbo ìjọ. Bọ̀dá ń wá ibi tó máa tẹ̀ kó lè dákẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é, kó tó rí i, fáìlì náà ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ohùn mi ti tún gbogbo ẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kejì.

Nílé, mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi látòkèdélẹ̀, àti ti orin. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé inú ló ń bí i, àfìgbà tí mo rí èjìká ẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín. "Lọ bẹ bọ̀dá ẹ," ó ní. "Ní báyìí."

Mo kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ bọ̀dá. Ó fa ọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń fà á.

"Ṣé lóòótọ́... ni mo lọ́ra?"

"Ẹ̀rọ yẹn ni mò ń bá wí sà."

"O ní bíi bọ̀dá tó ni ín."

N kò ríbi sá sí. "Ẹ má bínú sà. Ẹ lọ́ra... díẹ̀ sà."

Ó rò ó. Ó rín, ẹ̀rín náà sì pẹ́ kó tó dé. Ojú tì mí ju ká ní ó bú mi lọ, torí òun ló kọ lẹ́tà tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ra dùùrù tí mò ń tẹ̀. Ìyà tó fi jẹ mí ni pé kí n máa bá òun tẹ ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù méjì. Mo tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà lèmi àti bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tòkunbọ̀ kan ní Agbójú. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni bàbá mi ń wò. Mo nawọ́ sí irú ti bàbá Àmúwò.

"Ṣé láptọ́ọ̀pù nìyí, àbí àpótí irinṣẹ́?"

"Òun ni mo fẹ́ sà."

Ẹni tó ń tà á ní kò sáyè dídán wò. Bàbá mi wá dúró sáàárín èmi pẹ̀lú ẹ̀, ojú ẹ̀ le bíi ti ọ̀gá ọlọ́pàá. "Ọmọ mi máa kọ́kọ́ pa fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀ ná. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀." Mo fi sídíì orin sí i, n kò sì jẹ́ wo ojú bàbá mi. Ìlù mẹ́jọ, kò mira; a rà á.

Lọ́jọ́ àwọn ọ̀dọ́, gbọ̀ngàn kún. Orin àkọ́kọ́ dán mọ́rán. Láàárín èkejì, ọ̀rẹ́ mi gbàgbé ọ̀rọ̀ orin pátápátá, ó wò mí pẹ̀lú ojú ẹni tí omi ń gbé lọ. Mo ní kí kọ̀ǹpútà máa tún ibi kan náà lù, mo sì ń tẹ dùùrù lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀rẹ́ mi dijú, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni ń gbàdúrà. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń jó. Ìgbà kẹfà ló tó rántí, ó sì wọlé pẹ̀lú ohùn tó mi ilé.

Nígbà tó parí, díákónì kan di ọwọ́ wa mú. Ó ní ibi tá a ti ń tún un ṣe léraléra yẹn gan-an ni Ẹ̀mí ti fọwọ́ kan òun.

"Ògo ni fún Ọlọ́run sà," la jọ wí lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì jẹ́ wo ara wa títí a fi jáde sí gbangba.