Èédú Tí Ìyé Philip Fún Kíkẹ́lọmọ

Ẹni tó bá mọ Kabba nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara á mọ Theresa, ìyá Philip, tí à ń pè ní Ìyé Philip, tó ń ta èédú lẹ́bàá ọjà. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nígbà tí Philip kékeré kó oògùn ara ríro jẹ bí ẹni jẹ ẹ̀pà, wọ́n gbé e lọ ọsibítù kíá, wọ́n po ìyẹ̀fun dúdú kan fún un mu, ó sì yè. Nọ́ọ̀sì ní èédú ni. Ni Theresa bá ń fọ́nnu káàkiri ọjà pé oògùn òyìnbó lòun ń tà! Ẹyin lohùn, àmọ́ ta ni yóò sọ fún un?

Nígbà tí Olúṣèyí, ọmọ Kíkẹ́lọmọ aládùúgbò rẹ̀, kó irú oògùn yẹn mì, ọ̀dọ̀ Theresa ni ìyá rẹ̀ sáré wá. Wọ́n gún èédú, wọ́n pò ó mọ́ ẹ̀kọ, ọmọ mu ún. Lọ́jọ́ kejì ó ń ṣeré. Kíkẹ́lọmọ gbé adìyẹ wá dúpẹ́, Theresa sì sè é jẹ. Lẹ́yìn náà ni ojú ọmọ pọ́n rúsúrúsú, ó ń bì, ó sì kú. Gbogbo ilé ní ibà pọ́njú ni.

Theresa lọ bi nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní èédú ọsibítù kì í ṣe èédú ìdáná, wọ́n ṣe é lọ́tọ̀ kó lè fa májèlé mọ́ra. Ó ní oògùn yẹn lè jẹ́ kí ọmọ máa ṣeré nígbà tó ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, bí Theresa bá ti fọwọ́ kan èédú, ẹ̀rín ọmọ yẹn ló ń gbọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Kíkẹ́lọmọ ò mọ nǹkan kan, àràárọ̀ ló ń kọjá tó ń kí i pé, "Okun o, Ìyé Philip."

Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ ọjà kan, Kíkẹ́lọmọ sáré dé, ó pọn àbúrò Olúṣèyí, páálí oògùn ara ríro tó ti ṣófo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyé Philip, ẹ gbà mí! Ẹ fún mi ní èédú ọjọ́sí, èyí tó ṣiṣẹ́ fún Olúṣèyí."

"Gbé e lọ ọsibítù."

Kíkẹ́lọmọ ò gbọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣa èédú.

"Kò ṣiṣẹ́!" Theresa figbe ta. "Kì í ṣe ibà ló pa Olúṣèyí. Oògùn yẹn ni. Èédú mi ò ṣe nǹkan kan, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Gbé ọmọ lọ ọsibítù!"

Kíkẹ́lọmọ wò ó. Èédú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sáré.

Ọmọ náà yè. Ìyá rẹ̀ ṣì ń gba iwájú ìsọ̀ Theresa kọjá láràárọ̀. Theresa a dìde, a nu ọwọ́ dúdú rẹ̀ mọ́ ìró, a dúró de "Okun o" tó ń kí i tẹ́lẹ̀. Kíkẹ́lọmọ a sì kọjá.