Ohun Tí Bàbá Télọ̀ Rán Mọ́ Ṣòkòtò Ọ̀gá Iléèwé

Bàbá Télọ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n àdúgbò ò gbàgbé ọjọ́ tó sáré lé ọ̀gá iléèwé jáde sí títì, tó ń pariwo pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ṣòkòtò yẹn!” Àwọn èèyàn rò pé orí bàbá ti dàrú. Orí ẹ̀ pé. Ìwé ìdáhùn iṣẹ́ àmúrelé ọmọọmọ rẹ̀ obìnrin ló rán mọ́ ìbàdí ṣòkòtò náà.

Tíṣà èdè ló máa ń fún àwọn òbí níwèé ìdáhùn, kí wọ́n fi yẹ iṣẹ́ ọmọ wò. Nílé ẹlòmíì, orí tábìlì ló máa ń wà, ọmọ á sì dà á kọ látòkè délẹ̀. Bàbá Télọ̀ ní kò ní ṣẹlẹ̀ nílé òun. Aṣọ tó bá wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń rán an mọ́, ó di ìgbà tọ́mọ bá kọ tiẹ̀ tán kó tó fi abẹ tú u.

“Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ n wo nọ́ńbà kẹta péré.”

“Ṣé o ti kọ tìẹ?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n ni.”

“Kọ èyí tó o mọ̀. Tó bá ṣì, a jọ máa wo ibi tó ti ṣì. Tó o bá kọ́kọ́ wo tìwé, kí la tún fẹ́ kọ́?”

Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá iléèwé jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ró kọ́tìnnì mọ́dìí, bàbá tú ìwé kúrò lára ṣòkòtò, ó sì ń fara balẹ̀ máàkì iṣẹ́ ọmọ kó tó rán ìbàdí ṣòkòtò padà.

“Bàbá, ẹ ṣe kíá.”

“Ẹ ṣe sùúrù, ọ̀gá. Ó ku nọ́ńbà méje.”

Ó tiẹ̀ gbàgbé ọ̀kan sínú ẹ̀wù nọ́ọ̀sì kan rí. Odidi ọ̀sẹ̀ lẹ̀wù ọ̀hún fi ń dún pákápáká. Bàbá ní aṣọ tuntun ni, yóò rọ̀.

Ohun kan ló ń dun ọmọ náà: bàbá kì í yìn ín. Bó gba gbogbo rẹ̀, “O gbìyànjú” ni. Lọ́jọ́ tó fúnra rẹ̀ ronú kọ gbólóhùn kan nípa òjò, tínú rẹ̀ ń dùn, bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kẹ̀yìn sí i, ó kọ nǹkan sínú ìwé ìdáhùn, ó sì rán an pa.

“O gbìyànjú. Lọ jẹun.”

Ọmọ náà sunkún kó tó jẹun.

Òun náà ti di tíṣà èdè báyìí. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n fún un ní kóòtù iṣẹ́ bàbá. Bó ṣe wọ̀ ọ́, àyà kóòtù dún pákápáká. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó wá abẹ, ó tú u. Bàbá ti fa ìlà sórí ìdáhùn tìwé, ó kọ gbólóhùn ọmọọmọ rẹ̀ sókè rẹ̀: “Tí òjò bá ń rọ̀, òrùlé wa ló ń sọ̀rọ̀, àwa á sì dákẹ́.” Ó wá kọ sísàlẹ̀ pé: “Tọmọ mi dára ju tìwé lọ. Mi ò ní sọ fún un o, kó má lọ dẹwọ́.”

Tíṣà sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì rán ìwé náà padà síbi tó wà. Ojú ìránṣọ rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ó wò ó títí, ó wá sọ fún ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé, “O gbìyànjú.”